Ilẹ̀ Ilé Ìdáná Ìye Olú Tí Kò Fẹ́ Gbẹ

Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kí ojú mi tó mọ̀ ọ́n. Mo ti bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná Ìye Olú ní Ìjù-Odò. Ìye ni àwa Ìkálẹ̀ ń pe ìyá, ọma la ń pe ọmọ. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni ìyá yìí, ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọ ibi tó ti ń dáná. Òjò ti rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà, ilẹ̀ táìsì sì tutù bí ìdí àmù. Olú, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ lókè òkun, ti tú páálí kan sílẹ̀, ó to àwọn nǹkan pẹlẹbẹ kan tí àwọ̀ wọn dà bíi ẹ̀yìn búrẹ́dì sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ ré wọn kọjá, mo ṣèèṣì tẹ ọ̀kan, mo sì dúró.

Kì í ṣe pé ó gbóná o. Òtútù yẹn ni kò sí mọ́. Ó rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ gìgísẹ̀ mi, ó sì rọra tì mí padà sókè, bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ ilẹ̀ abẹ́ ọ̀pẹ tí imọ̀ ti ń jẹrà sí láti ọjọ́ pípẹ́. Mo gbé ẹsẹ̀ kejì lé e.

Olú bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá Akin, ẹ sọ̀ kalẹ̀ o. Ilẹ̀ Mọ́mì ni."

"Kí ni wọ́n ń pe èyí?"

"Kọ́ọ̀kì ni."

Ìye yíjú láti ìdí iná. "Kọ́ọ̀kì kẹ̀? Èyí tí wọ́n fi ń dé ìgò mínírà? Ìdérí ìgò lo kó ti òkè òkun wá láti fi tẹ́ ilẹ̀ fún mi?"

"Rárá, Mọ́mì. Èèpo igi ni."

"Èèpo igi! Kí ló ń wò?"

"Orúnkún yín ló máa wò."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kò kúrò lórí èèpo igi náà. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń tẹ́ táìsì káàkiri Òkìtìpupa, Àyèká àti agbègbè wọn. Ilẹ̀ táìsì tí mo ti kúnlẹ̀ sí pọ̀ ju ibi tí mo ti kúnlẹ̀ gbàdúrà lọ, orúnkún èmi náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò sọ fún mi rí pé ilẹ̀ kan wà láyé tí kì í bá ẹsẹ̀ jà.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó gbé kọ́ọ̀kì dé Ìjù-Odò. Ilẹ̀ táìsì tó wà nílé ìdáná yẹn nígbà náà jẹ́ oríṣi tó ń dán bíi dígí. Epo pupa ta sí i lọ́jọ́ kan, Ìye yọ̀, ó fi ọwọ́ òsì gbalẹ̀, egungun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì ṣẹ́. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n òun náà ni ọ̀gá nídìí ìkòkò nígbàkígbà tí ìjọ wọn bá ń ṣe ìkórè, kò sì sí ẹni tó ń se ọbẹ̀ marúgbó tó o ládùúgbò náà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Tóún, tó ń ṣe olùkọ́ l'Ékòó, ní kí ìyá kó wá sọ́dọ̀ òun. Olú ló bẹ̀bẹ̀ fún un. Ó ní òun máa wá ilẹ̀ tí kò ní yọ̀, tí kò sì ní pa á lára bó bá tilẹ̀ ṣubú. Bí ilẹ̀ náà bá ṣeé ṣe, Mọ́mì yóò dúró sílé. Bí kò bá ṣeé ṣe, Èkó yá.

"Kí ni mo fẹ́ máa ṣe lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì?" Ìye bi wá lọ́jọ́ náà. "Ṣé kí n máa yọjú lójú fèrèsé bí adìyẹ tí wọ́n kó sínú àgò? Akin, ọma mi, ọwọ́ rẹ ni mo wà o."

Bí iṣẹ́ náà ṣe di tèmi nìyẹn. Mo bẹ Olú pé kó fún mi ní ègé méjì lọ sílé, kí n lè mọ irú ẹni tí mo fẹ́ bá ṣiṣẹ́.

Bọ́sẹ̀, ìyàwó mi, kò lè gbàgbé ọ̀sẹ̀ yẹn. Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ni pé igi náà kì í kú bí wọ́n bá bó o. Èèpo tún máa ń hù lára rẹ̀, wọ́n á sì tún bó o lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan. Wọ́n á lọ èèpo náà, wọ́n á pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pọ̀ títí yóò fi di pẹlẹbẹ. Èyí tí Olú kó wá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ó sì nípọn tó pẹ́ńsùlù. Ìyẹn ni mo rí kà lórí fóònù. Ìyókù, ọwọ́ ara mi ni mo fi wá a. Mo da epo pupa sí i, mo nù ún, kò mu ún. Mo gbé ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná lé e, ó sàmì sí i. Mo ju ọmọ odó sí i, ó jìn wọlé, nígbà tó yá ó padà wú sípò.

"Ṣé ọmọ tuntun lo gbé wálé ni?" Bọ́sẹ̀ bi mí. "O ò fọwọ́ ba èmi tó báyìí láti àná."

Ìdánwò tó ṣe pàtàkì jù ni ti omi. Mo da omi sórí ègé kan tí mo ti fi fáníìṣì kùn, mo nù ún, kò sí nǹkan kan. Mo wá gbé ègé kejì lé orí kànìnkànìn tútù, kí omi lè máa gba abẹ́ wọ inú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ká sókè bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú oòrùn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ òfin iṣẹ́ náà: ọ̀tá kọ́ọ̀kì kì í ti òkè wá, abẹ́ ló ti ń wá. Kọnkéré tí a bá máa tẹ́ ẹ lé gbọ́dọ̀ gbẹ dé inú, kì í ṣe ojú nìkan.

Ojú àti àtẹ́lẹwọ́ kò sì lè mọ inú kọnkéré. Mítà kan wà fún un, ó tó fóònù kékeré. Èèyàn á gbé e lé ilẹ̀, yóò sì sọ bí omi inú ilẹ̀ ṣe pọ̀ tó, láti òdo dé mẹ́fà. Bó bá ju mẹ́rin lọ, má tẹ́ nǹkan kan. Olú bá mi rà á ránṣẹ́. Lọ́jọ́ tó dé, gbogbo ilẹ̀ ilé wa ni mo gbé e lé, títí kan ojú oórì bàbá mi lẹ́yìnkùlé. Bọ́sẹ̀ ní kí n má ṣe gbé e lé òun láyà.

A hú táìsì dídán yẹn kúrò. Kọnkéré abẹ́ rẹ̀, tí àwa oníṣẹ́ ilé ń pè ní Jámánì, rí gbágungbàgun, a sì fi sìmẹ́ńtì tuntun dán an títí tó fi tẹ́jú bí omi inú àwo. Mítà ka mẹ́fà. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí omi la fi po sìmẹ́ńtì. Olú ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ lókè òkun. Mo sọ fún Ìye pé ká fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kó gbẹ, mo sì kìlọ̀ fún un gidigidi pé omi kankan kò gbọ́dọ̀ kan kọ́ọ̀kì tó wà nínú páálí.

Ó gbọ́. Ó kó gbogbo páálí náà sórí tábìlì ní pálọ̀, ó sì fi aṣọ funfun bò wọ́n, bí ẹni bo oúnjẹ àlejò. Ó ń dáná lọ lórí sìmẹ́ńtì lásán náà.

Mo máa ń gun ọ̀kadà láti Òkìtìpupa lọ wò ó. Láti mẹ́fà ó bọ́ sí márùn-ún àti ààbọ̀, ó bọ́ sí márùn-ún, ó sì jókòó síbẹ̀. Òjò dáwọ́ dúró. Márùn-ún. Ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ètè gbogbo èèyàn ń bó. Ilẹ̀ Ìye wà ní bíi márùn-ún.

Èmi tí mo fẹ́ràn láti mọ ìdí gbogbo nǹkan, mo rí ìdí kan. Ọkọ Ìye tó ti di olóògbé ló kọ́ ilé náà láyé àtijọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ bíríkìlà kì í tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ Jámánì. Ọ̀rá yẹn ló máa ń dí omi ilẹ̀ lọ́nà kó má bàa gòkè. Ilẹ̀ Ìjù-Odò sì jẹ́ ilẹ̀ tó ń mu omi pamọ́. Mo gbẹ́ ihò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri láti wò ó, mo ya fọ́tò, mo fi ohùn gígùn ránṣẹ́ sí Olú lórí fóònù. Àlàyé náà dùn létí ara mi. Olú ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, Bọ̀dá. Ẹ má kánjú ba nǹkan jẹ́."

Mo tún ṣe ìdánwò ọ̀rá. Èèyàn á gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, á fi sẹ́lótéèpù lẹ etí rẹ̀ mọ́ ilẹ̀, á sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá láàgùn sábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ kò tíì gbẹ. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, omi ti láàgùn sábẹ́ ọ̀rá. Mo rí i pé sẹ́lótéèpù náà tọ́ ju bí mo ṣe lẹ̀ ẹ́ lọ, mo sì rò pé ọwọ́ mi ló ti ń mọ́ sí i.

Ilé ìdáná náà ń ta sánsán ọṣẹ. Mo fi inú dídùn sọ fún un pé, "Ìye, ilẹ̀ yín mọ́ o! Ọ̀pọ̀ ilé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, inú ìdọ̀tí ni wọ́n máa ń fi wá sí."

Ojú rẹ̀ tàn. "Ọma mi, ṣé o rí i? Ṣé ó ti gbẹ?"

"Ó kù díẹ̀, Ìye."

"Díẹ̀ yìí mà pọ̀ o." Ó bu púpurú àti ọbẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn nígbàkígbà tí mo bá wá, bí ẹni pé ebi ló ń mú kí ilẹ̀ má gbẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ilẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀ díẹ̀ nítorí táìsì tí a hú. Kò ṣubú, ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ṣùgbọ́n Tóún gbọ́. Ó ti Èkó wá lópin ọ̀sẹ̀ náà. Kò bá mi jà, ìbá sàn fún mi ká ní ó bá mi jà.

"Bọ̀dá Akin, ẹ ṣeun gan-an," ó wí. "Ṣùgbọ́n n kò rí oorun sùn. Bí fóònù bá ti dún, àyà mi á já. Ṣé ẹ lè tẹ́ ẹ lónìí? Mo lè dúró di ọ̀la."

Mo gbé mítà sílẹ̀. Mẹ́rin àti ààbọ̀. Ìye ń wo ojú mi, kò wo mítà.

"Bí mo bá tẹ́ ẹ lónìí, etí rẹ̀ á ká sókè kí ọdún Àjíǹde tó dé," mo wí. "Ohun tí a ń sá fún gan-an ni ẹsẹ̀ wọn á tún kọ́. N kò lè ṣe é."

Òótọ́ ni mo sọ. Bí wọ́n bá tún bi mí lónìí pẹ̀lú mẹ́rin àti ààbọ̀ lójú mítà, ohun kan náà ni mo máa sọ. Ohun tó ń dùn mí kò sí nínú ìdáhùn yẹn.

Ìye kó ẹrù díẹ̀. Ó ní òun kò ní pẹ́, nítorí náà kò mú ìkòkò kankan. Ẹsẹ̀ lásán ló fi rìn dé ẹnu mọ́tò kó tó wọ bàtà. Ó na kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná sí mi láti ojú fèrèsé.

"Bó bá ti gbẹ, pè mí. Mo ń bọ̀. Má jẹ́ kí eku jẹ kọ́ọ̀kì mi."

Nígbà tí mo padà lọ wo ilẹ̀ náà lẹ́yìn ìyẹn, mítà ka mẹ́rin géérégé. Mo rò pé ọyẹ́ ni. Mo tún lọ lópin ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mẹ́ta àti ààbọ̀. Mo pariwo ìdùnnú. Màmá Tósìn, obìnrin tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé òun àti ti Ìye níyà, ń yí púpurú lórí àgbá iná níta. Ó yọjú.

"Akin, kí ló dé?"

"Ilẹ̀ ti gbẹ, Mà! Ilẹ̀ tó ti ń bá mi jà láti ìgbà òjò!"

Ó wò mí bí ẹni wo ẹni tí oòrùn pa. "Kí ni kò ní jẹ́ kó gbẹ? Ta ló kù tó ń da omi sí i?"

"Omi wo?"

"Omi tí Ìye Olú fi ń fọ̀ ọ́ ńkọ́? Ní ìdájí, kó tó gbàdúrà. Korobá méjì, pẹ̀lú ọṣẹ. Ìgbálẹ̀ rẹ̀ ló ń jí mi, èmi kì í lo àkùkọ."

"Ní ìdájí ojoojúmọ́?"

"Tẹ́lẹ̀, Sátidé nìkan ni. Ìgbà tí o bẹ̀rẹ̀ sí í wá ló di ojoojúmọ́. Ó ní oníṣẹ́ ń bọ̀, òun kò lè jẹ́ kó bá ilẹ̀ òun ní ìdọ̀tí. Ó ní ọ̀rá kan tí o lẹ̀ mọ́lẹ̀ pàápàá, òun rọra ṣí i, òun fọ abẹ́ rẹ̀, òun sì tún un lẹ̀ dáadáa kí o má bàa bínú." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó wá rí ojú mi. "Àbí kò dára ni?"

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Ìgbà tí táìsì wà nílẹ̀, omi Sátidé kò rí ibi wọ̀. Sìmẹ́ńtì lásán ni ẹnu rẹ̀ là, ó sì ń mu ún láràárọ̀. Oòrùn á gbẹ ojú rẹ̀ kí n tó dé. Ẹni tó bá ń retí àlejò pàtàkì nílé rẹ̀, ṣé kò ní fọlẹ̀ ni? Gbogbo obìnrin tó tọ́ wa dàgbà nílẹ̀ yìí, omi ni wọ́n fi ń fọlẹ̀ kí wọ́n tó tẹ́ ẹní tuntun lé e. Èmi sì sọ fún un pé kí omi má kan kọ́ọ̀kì. Kò jẹ́ kó kàn án. Mo yìn ín pé ilẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ó fọ̀ ọ́ sí i. Mo gbẹ́ ilẹ̀ wá ìdí omi, mo bi mítà, mo bi fóònù, n kò bi ẹni tó ń bu púpurú fún mi.

Mo tẹ́ ilẹ̀ náà. Kò sí iṣẹ́ tí mo ṣe láyé mi tó mọ́ tó o. Mo tú gbogbo páálí sílẹ̀ nínú ilé ìdáná fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n lè mọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Mo po ti páálí kan mọ́ òmíràn, kí àwọ̀ wọn má bàa dá dúró lójú kan. Láti àárín yàrá ni mo ti fa ìlà, mo sì ti ibẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Gọ́ọ̀mù máa ń wà lára ilẹ̀ àti lẹ́yìn kọ́ọ̀kì pẹ̀lú. Èèyàn á dúró títí gọ́ọ̀mù kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́ kó tó gbé e lé e, nítorí bí gọ́ọ̀mù méjèèjì bá ti kan ara wọn, kò ní àtúnṣe. Mo fi òòlù rọ́bà tẹ̀ ẹ́ láti àárín síta. Mo fi àlàfo tó tó ẹ̀yìn ọ̀bẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kó lè rí ibi mí sí. Mo kùn ún ní fáníìṣì, mo jẹ́ kó gbẹ, mo tún kùn ún, títí omi fi ń yí lórí rẹ̀ bí ìrì lórí ewé kókò. Lẹ́yìn sítóòfù gáàsì, mo fi ègé kan ṣoṣo sílẹ̀ láìfi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, kí n lè máa ṣí i wo abẹ́.

Lẹ́yìn náà mo pè é. Tóún ló gbé fóònù. Orúnkún Ìye ti wú láti ọ̀sẹ̀ tó dé Èkó, ó wí. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ rin ìrìn àjò tó jìn bẹ́ẹ̀ títí yóò fi sàn. Kò tíì sàn. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti lè gbé e sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, àfi bí wọ́n bá gbé e.

Èmi ni mo máa ń ṣí fèrèsé ilé ìdáná náà. Mo ti tẹ́ kọ́ọ̀kì níbòmíràn lẹ́yìn ìgbà yẹn, fún tíṣà kan ní Àyèká àti fún ìbátan rẹ̀. Kí n tó yọ mítà nínú àpò, mo máa ń bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin, báwo lẹ ṣe ń fọ ilẹ̀ yín, ìgbà wo sì ni?" Wọ́n á máa wò mí bíi pé mo wá wo ìmọ́tótó.

Òjò ọdún yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Mo lọ sí Ìjù-Odò lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì pè é láti ibẹ̀.

"Akin. Ibo lo wà?"

"Ilé ìdáná yín, Ìye."

"Bọ́ bàtà rẹ."

"Mo ti bọ́ ọ."

"Lọ dúró síbi tí mo máa ń dúró. Ní ìdí iná, kí o kọjú sí fèrèsé." Mo lọ dúró síbẹ̀. "Ṣé ó tutù?"

"Kò tutù, Ìye. Ó rọ̀."

"Ta ló ń fọ̀ ọ́?"

"Ẹnikẹ́ni kò fọ̀ ọ́. Mo fi aṣọ tí mo ti fún omi rẹ̀ dànù nù ún."

"Á à! Ìdọ̀tí á ti bo ilẹ̀ mi." A jọ rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. "Ọma mi, ṣé ó gbẹ?"

Mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn sítóòfù, mo ṣí ègé yẹn, mo gbé mítà lé kọnkéré, mo sì dúró títí ọwọ́ mítà náà fi dẹ́kun mímì.

"Ó gbẹ, Ìye. Méjì àti ààbọ̀."